Oúnjẹ inú ọgbà ìgbafẹ́: ṣé ó tó iye tí wọ́n ń tà á?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ ikùn ni, ọ̀rọ̀ àpò sì ni pẹ̀lú. Òun ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìpàdé wa nígbà tí a ń múra láti kó àwọn ọmọ jáde lọ ṣeré. Ṣé kí a ra oúnjẹ fún wọn nínú ọgbà ìgbafẹ́ tí a ń lọ ni, àbí kí a sè é láti ilé? Àwọn bàbá ń sọ tiwọn, àwọn ìyá ń sọ tiwọn, ilẹ̀ sì ti ṣú kí a tó tú ká.

Kò sí ẹni tó pẹ́ ní Abuja tí kò mọ irú ibi tí à ń sọ. Ọgbà ńlá kan wà ní Kukwaba, nítòsí pápá ìṣeré tí ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ Moshood Abiola sọ ní June 2019. Ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè é ní Wonderland, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Magicland ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Millennium Park wà ní Maitama, èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá ṣí ní December 2003. Odò Jabi náà wà nítòsí wa níbí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi fún ìgbafẹ́. A kò fẹ́ ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́ nínú wọn o. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ kan gbogbo ọgbà tí wọ́n ti ń gba owó lẹ́nu géètì, tí wọ́n sì tún ń ta oúnjẹ nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Abuja, ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní òkè òkun.

Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún mọ bí ó ṣe rí nígbà tí a wà ní ọmọdé. Bí ilé ìwé bá fẹ́ kó wa lọ wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí kí wọ́n kó wa lọ sí ọgbà Agodi tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1967, kí omíyalé Ògùnpa ti August 31, 1980 tó bà á jẹ́, àwọn ìyá wa ti jí kí àkùkọ tó kọ. Mọ́ínmọ́ín wà nínú ewé, ẹyin sísè wà nínú ọ̀rá, omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sí ẹni tó bèèrè iye tí wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ rà á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi gbà pé ìná àpà ni kí èèyàn máa jẹun nínú ọgbà ìgbafẹ́. Àmọ́ ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lónìí? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Kí ló dé tí oúnjẹ ibẹ̀ fi ń wọ́n ju ti bùkà ìta lọ? Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ti wọlé kò lágbára láti ná ọjà mọ́. O ti san owó ọkọ̀, o ti san owó géètì, àwọn ọmọ mẹ́ta sì ń fà ọ́ láṣọ pé ebi ń pa àwọn. Bí o bá jáde lọ ra oúnjẹ níta, wọ́n lè ní kí o tún owó ìwọlé san kí o tó padà. Ẹni tó ń tajà mọ èyí. Ní ọjà Utako tàbí ní Wúsè, bí ìyá alátà kan bá sọ iye tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì. Nínú ọgbà, ó lè jẹ́ olówó kan náà ló ni gbogbo ìsọ̀, tàbí kí ó jẹ́ pé àwọn tó gba ìsọ̀ níbẹ̀ ti fẹnu kò sórí iye kan.

Ohun kejì ni pé ìnáwó tàwọn náà kò kéré, ó sì yẹ kí a sọ òótọ́ nípa èyí. Láti May 29, 2023, tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jálá epo kan fò láti bíi N190 sí òkè N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gbéra lẹ́yìn náà. Ní April 2024, owó iná mànàmáná àwọn tó wà ní ìpele kìn-ín-ní, ìyẹn Band A, kúrò ní N68 fún ìwọ̀n kan, ó di N225. Ní June 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, NBS, sọ pé oúnjẹ ti fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju bó ṣe wà ní ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó bá ní fíríìjì áìsìkírímù tí kò gbọ́dọ̀ yọ́, tó ní jẹnẹrétọ̀, tó sì ń san owó ìsọ̀, inú àwo ìrẹsì yẹn ni yóò ti rí gbogbo rẹ̀.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ọdún Kérésì, Iléyá, Ìtúnu Ààwẹ̀, Àjíǹde àti May 27 tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé ni ibẹ̀ ń kún. Bí ó bá di ọjọ́ Tuesday lásán, àwọn òṣìṣẹ́ a máa jókòó, wọn a máa lé eṣinṣin, síbẹ̀ owó oṣù wọn ń lọ. Ohun tí wọn kò rí pa lọ́jọ́ Tuesday, lára ìwọ tí o wá lọ́jọ́ ọdún ni wọn yóò ti wá a.

Ohun kẹta ni owó tó máa ń fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì. Owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni láti February 2020. Àwọn ilé oúnjẹ mìíràn tún ń fi owó ìṣẹ́ àwọn agbáwo kún un. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àwo ìrẹsì àti ẹran adìyẹ kan jẹ́ N5,000, kí ẹlẹ́rìndòdò kan sì jẹ́ N1,000. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta, N30,000 ni. Bí wọ́n bá fi VAT lé e, ó di N32,250. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024 jẹ́ N70,000. Èyí ni pé oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo ti sún mọ́ ìdajì owó oṣù òṣìṣẹ́ kan, a kò sì tíì sọ ti géètì, ti ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fẹ́ gùn, tàbí ti ọkọ̀ tí yóò gbé wọn padà sí Jahi.

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, à bá kàn sọ pé kí oníkálùkù gbé kúlà rẹ̀ dání. Àmọ́ nínú ìpàdé yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa dìde, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá, ẹ ń sọ pé oúnjẹ ilé kò gbówó. Ṣé ọwọ́ tiwa kì í ṣe owó ni?” Ilé dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí yóò se ìrẹsì fún èèyàn márùn-ún, aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni yóò jí. Gáàsì ń jó, ata, òróró àti adìyẹ kò sì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá tún dé ọgbà náà, bàbá yóò máa bá àwọn ọmọ ya fọ́tò, ìyá ni yóò jókòó ti kúlà lábẹ́ igi kí wọ́n má baà jí i gbé. Tó bá di alẹ́, òun náà ni yóò fọ àwo. Ìgbafẹ́ ta ni ìyẹn jẹ́? Nítorí náà, ẹni tó bá ra oúnjẹ nínú ọgbà kò ra ìrẹsì nìkan. Ó ra ìsinmi fún ẹnì kan, ó ra àga, ó ra ibòòji, ó sì ra omi tí yóò fi fọ ọwọ́ ọmọ. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni bóyá gbogbo èyí ni wọ́n fún un lóòótọ́, àbí wọ́n kàn gba owó rẹ̀, wọ́n fún un ní ìrẹsì tútù nínú abọ́ ọ̀rá, wọ́n sì ní kó máa lọ.

Kúlà náà ní ewu tirẹ̀. Oòrùn Abuja kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni, pàápàá ní March àti April. Ìrẹsì tí a sè ní aago mẹ́rin òwúrọ̀, tí kò gbóná mọ́, tí kò sì tutù, tí a wá jẹ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, lè dá inú rírun sílẹ̀ fún odidi agboolé. Ọbẹ̀ àti mọ́ínmọ́ín ń tètè bà jẹ́ ju búrẹ́dì, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn lọ. Ẹni tí yóò bá gbé oúnjẹ dání, kó gbé èyí tó lè fara da ooru. Ẹni tí yóò bá sì rà níbẹ̀, kó wò ó bóyá ó ń gbóná, bóyá wọ́n bò ó, bóyá ẹni tó ń bù ú fọ ọwọ́.

Lórí ọ̀rọ̀ pé kí ọgbà má gba oúnjẹ láti ìta, ìlànà kò dọ́gba káàkiri ayé. Walt Disney ṣí Disneyland ní Anaheim, ní ìpínlẹ̀ California, ní July 1955, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú òwò yìí. Oúnjẹ àwọn ọgbà Disney ní Amẹ́ríkà kì í ṣe olówó pọ́ọ́kú rárá, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ́ kí àlejò mú oúnjẹ tirẹ̀ wọlé, bí kò bá ṣáà ti sí ọtí tàbí ìgò nínú rẹ̀, wọ́n sì ń bu omi tútù fún ẹni tó bá bèèrè ní ìsọ̀ oúnjẹ láìgba kọ́bọ̀. Òwò wọn kò tìtorí èyí wó. Àwọn ọgbà tiwa náà lè kọ́ ọgbọ́n yìí, ó kéré tán lórí omi. Kò dára kí ọmọdé máa ṣeré nínú oòrùn, kí òbí sì máa ro iye tí ike omi kan jẹ́ kó tó fún un.

Òfin orílẹ̀-èdè wa náà ní ohun tó sọ. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti máa dáàbò bo oníbàárà sọ ní abala 115 pé ẹni tó bá ń pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye rẹ̀ hàn, kò sì gbọ́dọ̀ gba iye tó ju èyí tó fi hàn lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe tijú láti bèèrè iye kí wọ́n tó bu oúnjẹ. Ẹ bèèrè bóyá VAT ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹun kó tó bèèrè iye, ọwọ́ rẹ̀ kò sí lókè mọ́.

Èrò tiwa nìyí. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì, ẹ̀bà àti àmàlà, oúnjẹ inú ọgbà kò tó iye tí wọ́n ń tà á, nítorí àwọn ìyá wa tó ń ta oúnjẹ ní Jahi níbí ń se èyí tó dùn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ áìsìkírímù fún ọmọ, ohun tútù fún àgbàlagbà tó ti rẹ̀, tàbí ọjọ́ ìbí tí ẹ fẹ́ kí ìyá ilé jókòó bí àlejò, tó sì jẹ́ pé àga, ibòòji àti omi wà níbẹ̀, ẹ ná an bí agbára bá gbé e. Owó náà kò ṣòfò.

Ti ìjáde ẹgbẹ́ yàtọ̀, òun gan-an ló sì jẹ wá lógún. Jahi tí à ń gbé yìí, lórí ilẹ̀ àwọn Gbagyi tó gbà wá lálejò, ilé aláràbarà wà níbẹ̀, yàrá kan ṣoṣo náà wà níbẹ̀. Dókítà wà nínú ẹgbẹ́ wa, bíríkìlà náà wà níbẹ̀. Bí a bá ka oúnjẹ ọgbà mọ́ owó tí a ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dá, olówó yóò san án kíá. Òbí tí kò ní kò ní wá sọ fún ẹnikẹ́ni. Yóò kàn sọ lọ́jọ́ náà pé ara ọmọ òun kò yá. Ọmọ yẹn yóò wà ní ojú fèrèsé, yóò máa wo bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹnu kò síbì kan. Àwọn ọmọ yóò jẹun kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn olóúnjẹ tiwa ni yóò sè é, ẹgbẹ́ yóò sì san owó iṣẹ́ wọn pé pérépéré, kì í ṣe pé kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lásán. Akọ̀wé yóò kọ lẹ́tà sí ọgbà tí a ń lọ ṣáájú, láti bèèrè bóyá a lè mú omi àti ìpápánu wọlé, àti bóyá ẹ̀dínwó wà fún èrò púpọ̀. Nínú ọgbà, a ó ra ohun tútù kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, oríṣi kan náà, iye kan náà, láti inú àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ tirẹ̀, kó mú un padà lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ẹgbẹ́ yín ní àdúgbò mìíràn bá ń múra irú ìjáde bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e yẹ̀ wò kí ẹ tó kéde iye tí ẹ ó dá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. A kì yóò fi ìgbafẹ́ wá gbèsè o, àwọn ọmọ wa yóò sì máa bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré. Ire o.