Ẹni Tí Ń Kan Ilẹ̀kùn Kí Ìjì Tó Dé

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ìjì Gustav kọjá lórí erékùṣù Isla de la Juventud, ó sì já wọ ìpínlẹ̀ Pinar del Río ní ìwọ̀-oòrùn Kúbà. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Paso Real de San Diego, ẹ̀rọ tó ń wọn eré afẹ́fẹ́ ka kìlómítà 340 ní wákàtí kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló wó tàbí tó ṣí lórí. Òpó iná dojú bolẹ̀, àwọn ahéré tí wọ́n ti ń sá ewé tábà sì wó lulẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó kú ní Kúbà nínú ìjì yẹn. Ó ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Hàítì àti Jàmáíkà kó tó dé ibẹ̀.

Bí èèyàn bá béèrè ohun tó fà á, orúkọ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni Defensa Civil, àjọ tó ń dáàbò bo ará ìlú. Ológun ni olórí rẹ̀ ní Havana. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ló gbà pé àṣẹ àti ìbọn ló ń kó àwọn èèyàn kúrò nílé. Mo rò pé wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba Kúbà lè pàṣẹ. Ṣùgbọ́n àṣẹ kò mọ ìyá arúgbó tó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé, kò sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ló mọ̀. Agbára àjọ yìí ni pé ó ti kọ orúkọ aládùúgbò yẹn sílẹ̀ kí òjò tó ṣú.

Ikú ló bí àjọ náà. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí a ṣe ń wo ojú ọjọ́ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1875 ni àlùfáà Àgùdà kan, Benito Viñes, ti ń kéde ọ̀nà tí ìjì máa gbà, láti ilé ìwòye ojú ọjọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Belén ní Havana. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1932, òkun ru wọ ìlú Santa Cruz del Sur, ó sì gbé nǹkan bí 3,000 èèyàn lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963 ni ìjì Flora wá dé. Kò kọjá lọ bí ìjì yòókù. Ó ń yí po lórí ìlà-oòrùn erékùṣù náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òjò ń rọ̀ láìdá, odò Cauto sì kún bo oko àti ilé. Ẹ̀mí tó lọ ní Kúbà lé ní 1,000. Lẹ́yìn Flora ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ dáàmù káàkiri. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ tuntun sílẹ̀ ní 1965, òfin sì fẹsẹ̀ Defensa Civil múlẹ̀ ní 1966.

Bí ètò náà ṣe ń lọ nìyí. Bí ìjì bá ṣì jìnnà tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á fi tó ará ìlú létí. Bó bá ku nǹkan bí ọjọ́ méjì, wọ́n á ní kí oníkálùkù múra. Bó bá ku ọjọ́ kan, ìdágìrì nìyẹn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wà ní etí òkun tàbí bèbè odò mọ́. Ìpele kẹrin ni àtúnṣe. Fún ọdún gbọọrọ, onímọ̀ ojú ọjọ́ José Rubiera ló ń dúró níwájú àwòrán ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń fi ohùn tútù ṣàlàyé fún gbogbo ìlú. Olórí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń darí ààbò ìlú ní àgbègbè tirẹ̀, ẹni tó ti mọ odò tó máa ń kọ́kọ́ kún àti afárá tí omi máa ń gbà kọjá lórí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan àdúgbò. Ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní CDR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1960. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àti dókítà àdúgbò ń bá wọn ṣiṣẹ́. Àwọn ni wọ́n mọ aláìsàn tí kò lè dìde, ọmọdé tó ní ikọ́ fée, aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Irú aláboyún bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ọ̀nà tó dí. Wọ́n tún mọ ilé tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ kọnkéré àti èyí tó jẹ́ pákó àti páànù.

Ibo ni wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ? Àwọn kan ń lọ sí ilé ìwé, dókítà àti àwọn tó ń dáná á sì bá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ ń lọ sílé ẹbí, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò tí ilé rẹ̀ lágbára. Ó ti wà lákọsílẹ̀ ṣáájú pé ìdílé báyìí ni yóò gba ìdílé báyìí. Nígbà ìjì Ivan ní 2004, àwọn tó kúrò nílé sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Kò sí ìjọba tó ní ibùsùn fún iye yẹn. Ilé ẹlòmíràn ló gbà wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fíríìjì. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò fẹ́ kúrò nílé kì í ṣe olóríkunkun. Ẹrù tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ rà ló ń ṣọ́. Torí náà, wọ́n máa ń bá a gbé fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ẹ̀dì lọ síbi tó lágbára, wọ́n á sì fi ẹni ṣọ́ ọ. Wọ́n ń kó màlúù náà lọ sórí ilẹ̀ gíga. Bí ọkàn bá ti balẹ̀ lórí ẹrù, ẹsẹ̀ á yá láti lọ. Àwọn àgbà wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ní Pinar del Río, ọgbọ́n arọ nìkan kò tó. Ẹni tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé òun ni yóò gbé e.

Èyí ni wọ́n ń kọ́ lọ́dọọdún. Ní oṣù Karùn-ún, kí àsìkò ìjì tó wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, gbogbo orílẹ̀-èdè ń ṣe ìdánrawò ọlọ́jọ́ méjì tó ń jẹ́ Meteoro. Wọ́n ń gé ẹ̀ka igi tó sún mọ́ wáyà iná, wọ́n ń kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà, wọ́n ń yẹ dáàmù wò, wọ́n sì ń tún ìwé orúkọ kọ.

N kò gbọdọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ kejì pamọ́. CDR kan náà ni ìjọba fi ń ṣọ́ ẹni tó bá ń tako ó. Ìwé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí kí wọ́n lè gbà ọ́ là lè di ìwé tí wọ́n fi ń wá ọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọgbọ́n Kúbà kò gbọdọ̀ gbàgbé ìyẹn.

Ìjì wọn kò ṣàjèjì sí wa. Púpọ̀ nínú ìjì ńlá tó ń kọlu àgbègbè Kàríbíánì, orí ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀, nínú ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gba orí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá ní àsìkò òjò, tó sì ń bọ́ sójú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni Ivan ṣe bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ike àti Irma. Àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ní Havana àti Matanzas, tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn gba orí òkun kan náà nínú ìdè, mọ̀ pé Ọya ló ni afẹ́fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, àwọn babaláwo wọn ń dá Ifá ọdún tuntun tí wọ́n ń pè ní Letra del Año, ìkìlọ̀ inú rẹ̀ á sì tàn ká. Ẹni tó bọ Ọya lówùúrọ̀ lè bá aládùúgbò gbé fíríìjì lọ́sàn-án. N kò rí ìjà nínú méjèèjì.

Ní Nàìjíríà, ìkìlọ̀ ń jáde lọ́dọọdún láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti omi, síbẹ̀ omíyalé ọdún 2022 pa èèyàn tó lé ní 600. Ará Ìbàdàn tó rántí omíyalé Ògùnpa ní oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ará Ìṣẹ́rì tó ń bẹ̀rù omi dáàmù Ọyán, mọ ìbéèrè tó kù nílẹ̀ nígbà tí rédíò bá sọ̀rọ̀ tán: ta ló ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn, ilé ta sì ni a ó lọ?

Ní Kúbà, bí ìjì bá kọjá, ewu kò tíì tán. Wọ́n ti pa iná mànàmáná kí afẹ́fẹ́ tó le, nítorí wáyà tó já sínú omi lè pa gbogbo ilé. Omi mímu gbọ́dọ̀ hó tàbí kí wọ́n fi oògùn sí i. Dókítà ń ṣọ́ àrùn tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi, wọ́n sì ń fín oògùn ẹ̀fọn nítorí ibà dengue. Àwọn òṣìṣẹ́ iná á rọ́ wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn.

Orí òrùlé ni ètò náà ti ń kọsẹ̀. Lẹ́yìn ìjì Irma ní 2017, ìjọba ní òun yóò san ìdajì owó ohun ìkọ́lé fún ẹni tí ilé tàbí òrùlé rẹ̀ bá lọ. Ṣùgbọ́n ìdajì owó páànù tí kò sí lọ́jà kò lè bo orí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìjì Ian ba ilé bí 100,000 jẹ́ ní 2022, tí iná sì kú ní gbogbo erékùṣù náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n ń gbé abẹ́ òrùlé onígbà díẹ̀ fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà tó ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ Kúbà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba Kúbà tó ń darí ọrọ̀ ajé lọ́nà tí kò so èso náà jẹ̀bi.

Àìní yẹn ti ń wọ inú ìgbàlà gan-an báyìí. Irma pa èèyàn 10, àjọ náà sì kéde bí ikú kọ̀ọ̀kan ṣe wáyé, pé àwọn kan kọ̀ láti kúrò nílé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, gbogbo iná orílẹ̀-èdè náà kú ní ọjọ́ 18. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjì kékeré kan, Oscar, dé Guantánamo. Omi ya wọ San Antonio del Sur àti Imías, èèyàn 8 sì kú. Àsọtẹ́lẹ̀ kò tètè mọ bí ìjì náà yóò ṣe le tó. Nígbà tó sì mọ̀, tẹlifíṣọ̀n wà nínú òkùnkùn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ju iná lọ ni àwọn tó ń lọ. Ìjọba fúnra rẹ̀ kéde pé láàárín 2022 sí 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fi Kúbà sílẹ̀, ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn tó lágbára láti gbé ẹlòmíràn ń lọ, àwọn arúgbó tí a ó gbé ń kù sílé. Ilé kọnkéré tí wọ́n ti kọ pé yóò gba ìdílé mẹ́ta lè ti wà ní títì, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà ní Miami. Ní oṣù Karùn-ún ọdọọdún, àwọn tó ń tún ìwé orúkọ kọ gbọ́dọ̀ wá ilé mìíràn àti èjìká mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ rí i kí oṣù Kẹfà tó wọlé.