Kí Á Tó Kó Kúrò Nínú Windows

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rí. Windows ni ọ̀pọ̀ nínú wa bá láyé, a sì rò pé kò sí òmíràn.

Windows ni ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, tí ó sì ń pín in fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Apple ní tirẹ̀, macOS. Linux ni ẹ̀kẹta. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa, Linus Torvalds, ọmọ ọdún 21 ní Yunifásítì Helsinki, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn oríṣi rẹ̀ ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀, tí ó sì jáde ní 2004.

Kí ni ó gbé mi débẹ̀? Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, 2025, ìtọ́jú tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 parí. Windows 11 sì ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kò ní, pàápàá ohun ààbò tí à ń pè ní TPM 2.0. Kò sí nínú tèmi. Nígbà tí a gba ìsinmi, tí mo lọ sílé ní Karmo, l'Ábùjá, mo kó àwọn iṣẹ́ mi sórí flash, mo pa Windows rẹ́, mo sì fi Ubuntu rọ́pò rẹ̀.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí àròkọ Yorùbá mi, àyà mi já. Gbogbo ibi tí ọ, ẹ àti ṣ wà ti di wúruwùru. Ẹni tí ó dàgbà sí Ọ̀yọ́ lè méfò. Èmi tí a tọ́ sáàárín Gbagyi àti Haúsá, àmì ni ojú tí mo fi ń ka Yorùbá. Bí kò bá sí àmì, ǹjẹ́ mo lè mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni?

Ohun tí ó fà á nìyí. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú, kì í ṣe lẹ́tà. Fọ́ǹtì àtijọ́ tí mo lò gba nọ́ńbà àmì mìíràn fún ọ wa. Fọ́ǹtì náà sì ti bá Windows lọ, ni àmì tí ó ni nọ́ńbà bá yọjú. Unicode, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, ni ó tún èyí ṣe: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. 1ECD ni ti ọ, ì báà ṣe Windows, Linux tàbí fóònù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ kó iṣẹ́ yín pa mọ́ síbòmíràn, àti fọ́ǹtì tí ẹ fi kọ ọ́.

2. Ẹ kọ́kọ́ dán Linux wò láti orí flash. Bí ẹ kò bá ní kí ó wọlé pátápátá, kò ní pa ohunkóhun rẹ́.

3. Ẹ ṣí iṣẹ́ Yorùbá yín níbẹ̀, kí ẹ yẹ ẹ́ wò, kí ẹ tó pa Windows rẹ́.

4. Ẹ yan kíbọọ̀dù Yorùbá. Ó wà nínú Windows, ó wà nínú Linux, Unicode sì ni ó ń kọ.

Orí ló bá mi ṣe é tí mo ti tẹ àròkọ náà sórí ìwé tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un kọ. Kò burú kí ènìyàn kó kúrò nínú ilé kan sí òmíràn, ẹrù baba ẹni ni kò gbọdọ̀ sọnù lójú ọ̀nà. Ire o.