Nígbà tí Wọ́n bá Ní Ọpọlọ Ẹ̀rọ Yín ti Jóná

Ẹ̀yin aya ilé àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni kò fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ nìkan jẹun mọ́. Ẹ̀rọ mónógíráàmù oníkọ̀ǹpútà ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ. Òun ni ó ń fi òwú aláràbarà ya òdòdó sára aṣọ, òun ni ó ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, òun náà ni ó sì ń kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sí àyà aṣọ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn kó àjọ lé e lórí, ẹlòmíràn yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èlé owó náà kò sì bèèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ̀rọ náà bá wá dákẹ́ ní Ọjọ́rú, tí aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé sì wà lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó tètè máa ń jáde lẹ́nu ẹni tí a pè wá tún un ṣe: “Àǹtí, ọpọlọ rẹ̀ ló jóná. Bọ́ọ̀dù tuntun la máa rà.” Ìyàwó ilé yóò dáhùn pé, “Ẹ̀ńjíníà, ẹ jọ̀ọ́, èló ni?” Ó ti bèèrè iye owó kí ó tó bèèrè bí Ẹ̀ńjíníà ṣe mọ̀ pé ó jóná. Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ nìyẹn, nítorí bọ́ọ̀dù yìí wà lára ohun tí ó wọ́n jù nínú ẹ̀rọ náà, ó sì ṣeé ṣe kí a ra tuntun kí àìsàn àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ọpọlọ tí ó jẹ́. Ìbátan ni ẹ̀rọ yín jẹ́ fún àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí ń gé irin, tí wọ́n ń pè ní CNC. Nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì ń gbà gẹ́gẹ́ bí àṣẹ: rìn sí apá ọ̀tún ní ìwọ̀n báyìí, rìn síwájú ní ìwọ̀n báyìí, kí o sì sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ní 1952 ni wọ́n fi ẹ̀rọ agérin tí nọ́ńbà ń darí han gbogbo ayé ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, láti inú èrò tí John Parsons mú wá, orí bébà oníhò ni wọ́n sì kọ àṣẹ náà sí. Síbẹ̀, kí àwọn ọkùnrin má fi irin yangàn sí wa. Iṣẹ́ aṣọ ni ó ti ṣáájú nínú ọgbọ́n yìí, nítorí láti 1804 ni Joseph Jacquard, ará ilẹ̀ Faransé, ti ṣe òfì tí páálí oníhò ń sọ fún bí yóò ṣe hun ọnà.

Nínú ẹ̀rọ agérin, ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ ọpọlọ pín sí. Ìkíní ń darí ìrìn ọ̀bẹ. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní PLC, dà bí ìyálé tí ń mójú tó agbo ilé. Ó ń bèèrè pé: Ìlẹ̀kùn ha tì bí? Òróró ha tó bí? Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, yóò gbà kí mọ́tọ̀ yí. Bí ọ̀kan bá kù, yóò dá iṣẹ́ dúró. Kí ó tó di pé a ní PLC, agbo síwíìṣì àti wáyà jánganjàngan ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ni ó bèèrè ohun tí ó rọrùn ju èyí lọ ní 1968, nítorí nígbàkígbà tí wọ́n bá yí irú ọkọ̀ padà, wọn a tú wáyà palẹ̀, wọn a tún un so. Dick Morley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní Modicon 084. Lónìí, irú ọpọlọ yìí wà nínú iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, irú iṣẹ́ tí ó ti wà ní Ewékorò wa láti 1960. Nínú ẹ̀rọ mónógíráàmù, bọ́ọ̀dù kan tàbí méjì ni ó sábà ń ṣe iṣẹ́ ìrìn àti iṣẹ́ ìyálé pọ̀: ó ń mọ̀ bí òwú bá já, ó ń yí àwọ̀ òwú padà, ó sì ń mọ ibi tí férémù dé.

Ìyálé tí ó dá iṣẹ́ dúró nítorí pé kò rí ohun tí ó yẹ kí ó rí, a kò lè sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn wà ní ìta bọ́ọ̀dù. Ìdọ̀tí òwú lè bo ojú kékeré tí ń ṣọ́ òwú. Eku lè gé wáyà jẹ. Ìdè wáyà lè tú díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n ẹ̀rọ. Fíúsì lè já. Iná ilé wa jẹ́ fólítì 230, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù kò lè gba èyí. Ẹ̀yà kan wà láàárín tí ń sọ ọ́ di kékeré, bíi fólítì 24 àti 5. Bí ẹ̀yà yìí bá ń ṣàìsàn, bọ́ọ̀dù yóò dàbí òkú, nígbà tí ó jẹ́ pé ebi ni ó ń pa á. Nítorí náà, ẹ sọ fún Ẹ̀ńjíníà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Ẹ bá mi fi mítà wọn iná tí ń wọ bọ́ọ̀dù àti èyí tí ń jáde.” Ẹni tí ó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Bí ó bá bínú, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bí ó bá wá dájú pé bọ́ọ̀dù ti kú, ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ronú sí ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìtòkú yóò tètè mọ ohun tí a ń sọ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń gé ọnà sára páànù, a ó sì fi láfún tí a rò gba ojú páànù náà kọjá sórí aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọnà kò sí nínú láfún, kò sì sí nínú aró. Inú páànù ni ó wà. Bí páànù bá sọnù tí kò sí ìkejì, ọnà náà lọ nìyẹn. Bákan náà ni bọ́ọ̀dù tuntun rí: láfún lásán ni. Kò mọ ọnà tí ẹ ti kó jọ, kò sì mọ iye ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín fi mọ ara rẹ̀, bí i ibi tí férémù ti ń bẹ̀rẹ̀ àti iye abẹ́rẹ́ tí ó wà. Nítorí èyí, nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì le ni ó yẹ kí ẹ da ọnà gbogbo kọ sínú fíláàṣì méjì, kí ọ̀kan wà nílé, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé ìwọ̀n wọ̀nyí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agérin, bátìrì kékeré kan ni ó ń ṣọ́ ìrántí yìí, a sì ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí iná ẹ̀rọ ṣì wà ní títàn, kí ìrántí má baà ṣá. Ọkọ tí ó ń ṣiṣẹ́ irin yóò mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bi í léèrè nígbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Kí a tó lọ ra bọ́ọ̀dù, ẹ da gbogbo nọ́ńbà àti lẹ́tà tí ó wà lára èyí àtijọ́ kọ, títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Bọ́ọ̀dù méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀, kí wọ́n má sì gbọ́ èdè ara wọn. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kí olùtajà gbà pé ẹ lè dá a padà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé bọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́.

Ní ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ rẹ̀, kí a yọ wáyà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe kí a pa síwíìṣì nìkan. Kí a sì ní sùúrù díẹ̀, nítorí iná a máa fara pamọ́ sínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Kí a ya àwòrán bí wáyà ṣe wà, kí a lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ewu kan tún wà tí ojú kò rí. Ẹ mọ bí aṣọ náílọ́ọ̀nù ṣe máa ń dún ta-ta-ta nígbà tí a bá ń bọ́ ọ lásìkò ọyẹ́. Iná kékeré yẹn, tí kò ju ìtasánsán lọ sí ara wa, lè pa bọ́ọ̀dù tuntun láìsí èéfín, láìsí òórùn. Kí ẹni tí ó fẹ́ fà á yọ nínú ọ̀rá rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin ara ẹ̀rọ tí a ti so mọ́ ilẹ̀, kí ó sì di etí bọ́ọ̀dù mú, kì í ṣe eyín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ó pa èyí àtijọ́? Bí iná ọ̀gànjọ́ tí ń ga tí ń rẹlẹ̀ bá ni, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró lójú kan, òun náà ni yóò pa èyí tuntun. Mo ti rí ọkọ tí ó fi ayọ̀ ra ẹ̀rọ fún aya rẹ̀ tí ó wá ní sítébíláísà ti pọ̀ jù lówó. Ẹ ra á, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ iná ri irin mọ́lẹ̀ fún yín dáadáa.

Ìtàn sọ fún wa pé ẹgbẹ́ àáró ni Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ. Ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ní irú ẹ̀rọ kan náà lè dá owó jọ ra bọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ sì máa gba iṣẹ́ ara yín ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ọ̀kan bá dákẹ́. Oníbàárà ọjọ́ Sátidé kò bìkítà ẹ̀rọ ẹni tí ó ṣe aṣọ òun.

Nígbà tí a bá ti fi bọ́ọ̀dù tuntun sí i tí a sì ti da ìwọ̀n padà sínú rẹ̀, ẹ gbé ọmọ kúrò nítòsí, pàápàá èyí tí ó wà lẹ́yìn yín. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ ibi tí férémù wà, abẹ́rẹ́ lè gún irin, kí ó ṣẹ́, kí ó sì ta sí ojú ènìyàn. Kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó rìn láìsí òwú, láìsí abẹ́rẹ́. Kí a tẹ bọ́tìnì pupa tí ń dá a dúró, kí a rí i pé ó dúró lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a fi ọnà kékeré kan dán an wò lórí àkísà, kí a já òwú mọ̀ọ́mọ̀, kí a wò ó bóyá yóò mọ̀. Bí ó bá mọ̀, tí ọnà sì jókòó, ẹ lè mú aṣọ ẹbí náà wá, kí ẹ sì san ìyókù owó Ẹ̀ńjíníà.