Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Káńsù Madison

Òfin tí mo kọ́kọ́ mọ̀ dunjú ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ti ìwé ìgbélùú. Òfin ibi tí mọ́tò ń sùn ni. Nígbà tí a dé Madison, láti ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta, láàárín aago kan òru sí aago méje àárọ̀, bí òní bá jẹ́ ọjọ́ 17, ẹ̀gbẹ́ títì tí ilé 17, 19 àti 21 wà ni mọ́tò ẹni gbọ́dọ̀ sùn. Bó bá di ọjọ́ 18, ó di òdìkejì, níbi tí ilé 18 àti 20 wà. Ìbáà jẹ́ pé yìnyín já, ìbáà jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ ló rí, kí ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín lè ráyè kọjá. Ọkọ mi, tó ti wa mọ́tò ní Ọ̀jọ́ta àti Mushin láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, di ẹni tó ń yẹ kàlẹ́ńdà wò kó tó lọ sùn.

Ta ló ṣe irú òfin yìí? Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fojú sí ọ̀rọ̀ káńsù ìlú. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó kì í béèrè nǹkan míì lọ́wọ́ mi lórí fóònù ju ọ̀rọ̀ Ààrẹ Amẹ́ríkà lọ: “Kí ló tún sọ? Wọn ò ní lé yín báyìí?” Mo mọ̀ pé àyà ń já a ni. Àmọ́ bọ́ọ̀sì tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, owó tí à ń san lórí ilé, yìnyín ojú títì wa, ọwọ́ ogún káńsẹ́lọ̀ àti méyọ̀ kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ mi á mọ̀ ọ́n lára.

Madison ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Wisconsin. Kì í ṣe Chicago, kì í sì í ṣe abúlé. Èèyàn 269,840 ni wọ́n kà níbẹ̀ nínú ìkànìyàn ọdún 2020. Orí ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín adágún Mendota àti adágún Monona ni àárín ìlú wà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì jókòó sórí òkè níbẹ̀ tòun ti òrùlé rẹ̀ rìbìtì. Láti ọdún 1990 ni òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé, ní ìwọ̀n máìlì kan yí i ká, kò sí ilé tó gbọ́dọ̀ ga ju ẹsẹ̀ àwọn òpó tó gbé òrùlé náà dúró. Yunifásítì wà nítòsí, wọ́n sì ń kọ́ èdè Yorùbá níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Antonia Schleicher ti ṣiṣẹ́ olùkọ́, òun ló kọ ìwé Jẹ́ K’á Sọ Yorùbá tó jáde ní 1993. Nítorí náà, ẹni tó bá wà lórí ìlà nílé ìtajà kó má fi Yorùbá bú òyìnbó tó wà níwájú rẹ̀ o. Ó lè dá a lóhùn.

Ìhà gúúsù ìlú ni àwa ń gbé, kò jìnnà sí Park Street. Ìlú kékeré kan wà ní sàkáání wa tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Town of Madison, tó ní ìjọba tirẹ̀. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Wọ́n pín in fún Madison àti Fitchburg. Àwọn tó sùn sí ìlú kan jí sí òmíràn láìgbé ẹrù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti orúkọ. Méyọ̀ wa ni Satya Rhodes-Conway, tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn ní 2019, tí wọ́n tún yàn ní 2023. “Satya” ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹnu mi kò gbà á. Aládùúgbò mi, ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun náà ní orúkọ òun ni kí n máa pè. Mo ní, “Rárá mà, Màmá ni mo máa máa pè yín.” Ó wò mí títí, ó ní òun kò mà bí mi. Ní báyìí, bí mo bá kan ilẹ̀kùn tí mo pẹ́ níta díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á ké láti inú ilé pé, “Màmá ń bọ̀!”

Màmá yìí ló kọ́ mi ní òṣèlú ìlú, àárín yìnyín ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ó yá wa ní ṣọ́bìrì, ó ní onílé ló ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ilé rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọ̀sán ọjọ́ kejì tí yìnyín dá. Ìjọba ìlú ló ni ojú títì, àmọ́ àyàfi tó bá tó íǹṣì mẹ́ta ni wọ́n ń kó ti gbogbo àdúgbò pátá. Iyọ̀ tó ń mú yìnyín yọ́, àwọn títì ńlá àti ọ̀nà bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń da púpọ̀ rẹ̀ sí. Títì kéékèèké bíi tiwa, iyanrìn la máa ń rí, bí a bá tiẹ̀ rí i. Mo ní ṣé nítorí àìlówó ni? Ó ní owó wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ inú adágún ni gbogbo iyọ̀ yẹn ń ṣàn lọ, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ padà. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ti fi wákàtí àìmọye jiyàn lórí iyọ̀. Iyọ̀ o!

Ti owó gan-an ló tó kí n sọ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Owó orí ilé ni ìlú fi ń gbọ́ bùkátà jù, ìpínlẹ̀ Wisconsin sì ti fi okùn dè é: ohun tí ìlú lè fi kún owó náà lọ́dọọdún kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lọ. Owó ọjà ń lọ sókè, owó oṣù panápaná àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń lọ sókè, okùn kò gùn sí i. Ní 2023, ìpínlẹ̀ fún Milwaukee láṣẹ láti máa gba owó tirẹ̀ lórí ọjà tí wọ́n bá tà. Madison kò rí irú ẹ̀ gbà. Bó ṣe di ìgbà tí wọ́n ń ṣètò ìnáwó ọdún 2025, mílíọ̀nù dọ́là 22 ló kù tí kò sí níbì kankan.

Ọ̀nà kan gbòógì tí òfin fi sílẹ̀ ni kí wọ́n bi aráàlú léèrè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2024, orí ìwé ìdìbò kan náà tí a ti yan ààrẹ láàárín Trump àti Harris ni ìbéèrè náà wà: ṣé kí ìlú gba mílíọ̀nù 22 kọjá ibi tí okùn dé, kó sì máa bẹ́ẹ̀ lọ? Àwọn ilé ìwé náà gbé méjì wá, mílíọ̀nù 100 fún ìnáwó ojoojúmọ́, mílíọ̀nù 507 fún kíkọ́ àti títún ilé ìwé ṣe. Ti ìlú nìkan, nǹkan bí dọ́là 230 ni yóò fi kún owó ọdún ilé tí iye rẹ̀ wà ní agbedeméjì. Ilé wa gbóná. Ọkọ mi ní kí ẹni tó ń tọrọ owó kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí tó ti ná. Màmá ní kí ó lọ kà á, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ó sì gbé ìwé ìnáwó ìlú wá lóòótọ́, ó fi gíláàsì sójú, ó ń nàka sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dun èmi ni ti àwọn ayálégbé. Onílé kì í dá irú owó yìí san. Orí owó tí ayálégbé ń san ló ń gbé e lé. Síbẹ̀ mo kun “bẹ́ẹ̀ ni,” ọkọ mi kun “rárá,” a jọ wọ mọ́tò padà sílé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wọlé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé kò ní ṣàìmọ irú ìtàn yìí. Ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 kan náà ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí àwọn gómìnà yéé gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rò pé Amẹ́ríkà ni ìjọba ìbílẹ̀ ti ń mí fàlàlà, kó wá wo Madison, tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ jókòó sí àárín rẹ̀ gan-an tí wọ́n sì di okùn àpò rẹ̀ mú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a mọ iye tó wà nínú àpò náà.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí kò sí lọ́wọ́ káńsù rárá. Wọ́n sọ fún Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfúrufú ní 2020 pé kí wọ́n tún èrò wọn pa lórí gbígbé ọkọ̀ ogun F-35 wá sí ibùdó wọn ní Truax, nítorí ariwo. Ní 2023, àwọn ọkọ̀ náà dé. Ibi tí àṣẹ wọn ti pé pérépéré ni ti ẹyẹ: lọ́dún 2009, káńsù dìbò, wọ́n fi flamingo oníke aláwọ̀ òsùn ṣe ẹyẹ ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fi 1,008 irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ṣe àwàdà lórí òkè yunifásítì ní 1979, àwàdà náà kò sì tán síbẹ̀. Mo rí i lórí fìlà, mo rí i lórí kọ́ọ̀pù. Ọmọ mi kan ra ọ̀kan sẹ́yìnkùlé wa, ọkọ mi ní kí ẹ̀mí àìmọ̀ má fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Bọ́ọ̀sì ló gbé èmi fúnra mi dé iwájú káńsù. Ní 2019 ni káńsù fọwọ́ sí i pé kí mọ́tò kọ̀ọ̀kan máa san dọ́là 40 lọ́dún, yàtọ̀ sí 28 tí káúńtì ń gbà, nítorí ètò bọ́ọ̀sì. Ní oṣù kẹfà 2023, gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì yí padà lójijì: nọ́ńbà di lẹ́tà, ibùdókọ̀ dín kù, bọ́ọ̀sì sì ń wá lemọ́lemọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní àwọn títì ńlá. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, ọ̀nà A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn bọ́ọ̀sì gbọọrọ tó ń lo bátìrì, tí wọ́n ń gba àárín títì East Washington. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ dáadáa jàǹfààní rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà wá sí ìpàdé lọ sọ pé ibi tí àwọn ti ń wọkọ̀ ti jìnnà jù, pàápàá lórí yìnyín, wọn ò sì parọ́.

Èmi, ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì máa ń ṣe é. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ìpàdé káńsù ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà mìíràn á kọjá ọ̀gànjọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀, títí kan ẹni tí kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, láti ìgbà kòrónà sì ni a ti lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yàrá tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́ ni mo ti sọ tèmi, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ẹ̀rọ amómi-gbóná ń kùn lẹ́yìn mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni. Yorùbá kì í bọ́ sórí ọ̀rọ̀ láìkí ará ilé: mo kí olórí ìpàdé, mo kí àwọn káńsẹ́lọ̀, mo kí àwọn tó ti jókòó láti ìrọ̀lẹ́. Mo ní àwa tí à ń kúrò níbi iṣẹ́ láago mọ́kànlá, bí bọ́ọ̀sì bá ti dín kù lóru, inú òtútù la ń dúró sí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn ni aago dún. Wọn kì í dá èèyàn lóhùn níbẹ̀, àfi tí káńsẹ́lọ̀ kan bá ní ìbéèrè. Ọ̀kan béèrè iye àwa tó ń wọ bọ́ọ̀sì yẹn níbi iṣẹ́ wa. Mo kà á fún un lórúkọlórúkọ.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ètò yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn tó ń ráyè sọ̀rọ̀ ni onílé, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n mọ nọ́ńbà gbogbo òfin. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì kàn jù, wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn, tàbí kí wọ́n ti sùn. Àwọn káńsẹ́lọ̀ náà kì í fi iṣẹ́ yìí nìkan jẹun. Ní 2021 wọ́n bi aráàlú bóyá kó di iṣẹ́ àkókò kíkún, wọ́n ní rárá.

Kí ẹ má sì rò pé ìdìbò ní Madison kò lábùkù. Ní ìparí ọdún 2024 ni ìròyìn jáde pé ìwé ìdìbò 193, ti àwọn tó dìbò ṣáájú ọjọ́, wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà. Kò yí èsì kankan padà. Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé ìlú kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 2025. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́, ó ní, “Igba kò pé, wọ́n ń pariwo!” Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe mú ìwé ìròyìn dání, ó ń sọ pé igba èèyàn ni, kì í ṣe igba ìwé.

Ní báyìí, ọ̀nà bọ́ọ̀sì yíyára kejì ti wà nínú ètò, láti àríwá sí gúúsù, Park Street tiwa ni yóò sì gbà. Ibi tí wọ́n máa gbé ibùdókọ̀ sí ni ìjà wà. Mo ti ń múra ohun tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀. Màmá ní kí n fi ìkíni sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kí n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ní tààrà. Mo sọ fún un pé èyíinì kò ṣeé ṣe. Mo lè dín in kù sí “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́” nìkan.