Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ibi tí a ti ń rí ètò eré àti àfihàn ọnà ní Paris

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Paris, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé fọ́tò ilé gogoro Eiffel nìkan lẹ máa mú bọ̀. Eré orí ìtàgé, orin àti àfihàn ọnà kò lóǹkà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló máa gbà kọjá.

Tó bá ti di Ọjọ́rú, ẹ yà sí ìsọ̀ ìwé ìròyìn ẹ̀bá títì, kí ẹ béèrè L'Officiel des spectacles. Ìwé kékeré ni, ó ti wà láti 1946. Pariscope tí wọ́n jọ ń du ọjà ti kógbá sílé ní 2016. Ọjọ́rú náà ni fíìmù tuntun máa ń jáde nílẹ̀ Faransé. Ẹ ò gbọ́ èdè wọn? Kò burú, àdírẹ́sì, aago àti owó ìwọlé kò ṣòro láti dá mọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìjọba ìlú náà ní Que Faire à Paris, níbi tí ẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀fẹ́.

Nínú àwọn ibi àfihàn ọnà ní Paris, èyí tó jẹ mí lógún jù ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly. Ibẹ̀ ni ohun ọnà 26 láti ààfin Àbọ̀mé wà kí wọ́n tó dá wọn padà fún orílẹ̀-èdè Benin ní 2021. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá Áfíríkà ṣì pọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ajé o, wọn kì í sábà ṣí.