Olú-Ìlú Tó Wà Nínú Igbó

Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938, kò ní ṣe háà nígbà tí àwọn ọmọ ìwòyí bá ń ròyìn fíìmù òyìnbó tí iwin ti tẹ ìlú dó sáàárín igbó, tí wọ́n jọba níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ará Ìlọrin kì í rántí ni pé olú-ìlú kan wà nínú igbó lóòótọ́, nǹkan bí 60 kìlómítà sí tiwọn: Ọ̀yọ́-Ilé. Kì í ṣe iwin ló kọ́ ọ. Ìlọrin sì lọ́wọ́ nínú bó ṣe di igbó.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826 ni Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú Richard Lander. Odi amọ̀ tó bá níbẹ̀ ga tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n gbẹ́ yàrà sí i lẹ́yìn, ó sì ní ibodè mẹ́wàá. Ó fojú bù ú pé ẹni tó bá yí odi náà ká yóò rin máìlì 15. Ọjà méje ni wọ́n ń ná nírọ̀lẹ́. Ó tún kọ nípa iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lára ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀: erè tó ń pa ẹtu, àwọn tó gun ẹṣin, jagunjagun pẹ̀lú ìlù.

Ìlú náà ti mọ igbó lò tipẹ́. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé àwọn ìlú Yorùbá máa ń dá igbó kìjikìji sí lẹ́yìn odi, igbó ilé ni wọ́n ń pè é. Kò jẹ́ kí ọ̀tá da ẹṣin bo ìlú lójijì, bí ogun bá sì ṣẹ́ ará ilé, ibẹ̀ ni wọn yóò sá sí.

Nígbà tí wàhálà Ìlọrin dé, igbó ilé kò gba Ọ̀yọ́-Ilé là. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Aláàfin láti Ìlọrin, ó sì fa Àlímì, àáfà Fúlàní, mọ́ra. Àwọn ọmọ ogun tó gbójú lé náà ló padà pa á, Abdulsalam ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà àkọ́kọ́ ní Ìlọrin. Ìlọrin kò jẹ́ kí Ọ̀yọ́ sinmi mọ́. Láàárín àwọn ọdún 1830, Aláàfin Olúewu bẹ àwọn Bàrìbá lọ́wẹ̀, wọ́n jọ gbógun ti Ìlọrin nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Ẹlẹ́duwẹ́. Ogun náà dà wọ́n rú, Olúewu bá a lọ, àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé sì palẹ̀ mọ́. Àtìbà tó jọba tẹ̀ lé e kò padà síbẹ̀. Àgọ́ Ọ̀jà ló sọ di Ọ̀yọ́ tòní.

Ojú lásán lè má rí nǹkan kan ní Ọ̀yọ́-Ilé lónìí ju koríko àti àpáta lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń wá igi osè. Ẹni tó ń gbélé ló ń jẹ ewé àti èso rẹ̀, tí kóró rẹ̀ sì ń hù lẹ́yìnkùlé, nítorí náà ibi tí osè bá ti pọ̀, èèyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Agbaje-Williams, awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Ìbàdàn, lo ọgbọ́n yìí. Àfọ́kù ìkòkò tún wà nílẹ̀ káàkiri, àti àpáta tí àwọn obìnrin fi lọ nǹkan títí ojú rẹ̀ fi jìn.

Láti 1991 ni ibẹ̀ ti wà lábẹ́ Old Oyo National Park, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Wọ́n ti kọ orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé sínú ìwé àwọn tó ń retí àmì ẹ̀yẹ UNESCO ní 1995. Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo gba tirẹ̀ ní 2005. Ọ̀yọ́-Ilé ṣì ń retí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, kó kọ́kọ́ kàn sí ọ́fíìsì páàkì náà ní Ọ̀yọ́, kó sì dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko ti gbẹ, tí ipa odi ń hàn.