Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Ìṣirò Tí Ó Wà Nínú Orúkọ

Ní Bàrúwà, ní Alímọ̀ṣọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ẹnìkan bá béèrè iye owó ilẹ̀, mílíọ̀nù ni yóò máa gbọ́ lẹ́nu olùtà àti olùrà. Ọ̀rọ̀ náà ti di ti Yorùbá báyìí. Ṣùgbọ́n èdè yìí ní orúkọ tirẹ̀ fún 1,000,000, èyí ni àádọ́ta ọ̀kẹ́. Mílíọ̀nù kò sọ bí iye náà ṣe di odidi. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ń ṣírò ó fún ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i.

Inú owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ ti wá. Láyé àtijọ́, ogójì owó ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ó ń di orí kan, tí í ṣe ẹgbàá, 2,000. Orí mẹ́wàá ni ó sì ń kún àpò kan. Àpò yẹn ni ọ̀kẹ́: 40 × 50 × 10 = 20,000. Àádọ́ta ní tirẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá, ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Ẹni tí ó pe àádọ́ta ọ̀kẹ́ ti ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò kí ó tó pa ẹnu dé.

Àbùdá nọ́ńbà yìí kò mọ síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ni (1,000 × 1,000). Òun náà ni ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún (100 × 100 × 100). Nọ́ńbà tí ó ṣeé tú sí méjì tí ó dọ́gba, tí ó sì tún ṣeé tú sí mẹ́ta tí ó dọ́gba, kò wọ́pọ̀. Irú rẹ̀ ni 64, tí í ṣe 8 × 8 àti 4 × 4 × 4. Láti orí 1 dé 1,000,000, mẹ́wàá péré ni wọ́n, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni ó sì gbẹ̀yìn wọn. Bí a bá tú u palẹ̀ pátápátá, 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà nìkan ni a óò bá nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ méjì, mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́jọ fi lè pín mílíọ̀nù kan náírà lọ́gbọọgba; ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta bá pín in, náírà kan yóò ṣẹ́kù.

Àwọn kan ń sọ pé òǹkà Yorùbá wúwo jù fún ọmọ ilé-ìwé. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: ẹni tí yóò pe 45 ní láti yọ márùn-ún kúrò nínú àádọ́ta, tí òun fúnra rẹ̀ ti yọ mẹ́wàá kúrò nínú ọgọ́ta. Síbẹ̀, ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, nínú èyí tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn, ìṣirò pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn.

Kò sí ẹni tí ó ní kí a sọ mílíọ̀nù nù. Nínú ìwé owó, kí wọ́n máa kọ 1,000,000. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ní kí kíláàsì rẹ̀ tú àádọ́ta ọ̀kẹ́ palẹ̀ ti rí ẹ̀kọ́ odidi kan nínú ọ̀rọ̀ méjì. Bí orúkọ náà bá kú lẹ́nu àwọn ọmọ, ìṣirò inú rẹ̀ yóò bá a lọ.